Asẹ́ tó dán, tó sì tún dógùn-ún: bí a ṣe ń fi iná mànàmáná pọ́líìṣì sítéńlẹ́ẹ̀sì

Ìyá oníwàrà kan ní Gáà-Àkáńbí, níbí ní Ìlọrin, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó dán lè má mọ́. Asẹ́ ńlá ni mo ṣe fún wọn, sítéńlẹ́ẹ̀sì gidi, irú tí wọ́n ń pè ní 304, ni mo sì lò. Mo jó o, mo fi ẹ̀rọ fáìlì lọ ojú ìjó, ìyẹn ibi tí mo ti jó irin pọ̀, mo fi kẹ̀kẹ́ aláṣọ àti ọṣẹ pọ́líìṣì dán an títí èèyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kan ò pé tí wọ́n fi gbé e padà wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn nawọ́ sí ojú ìjó náà.

"Ọmọ mi, wò ó, ó ti ń pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́. Òórùn wàrà àná kì í sì í kúrò lára ẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, nítorí oúnjẹ ni. Àtìgbà náà ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iná mànàmáná àti ásíìdì dán irin, èyí tí wọ́n ń pè ní electropolishing. Èmi a máa pè é ní pọ́líìṣì oníná. Mo kọ èyí fún àwọn jórin-jórin ẹgbẹ́ mi, àti fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, nítorí omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó sì máa ń jẹ irin ju bí a ṣe rò lọ.

Ohun tó ṣe asẹ́ yẹn gan-an

Nígbà tí a bá fi òkúta tàbí sáńpépà lọ irin, ìlà wẹ́wẹ́ là ń fà sí i lára. Tí a bá wá gbé kẹ̀kẹ́ aláṣọ lé e, ńṣe là ń tẹ orí gegele wólẹ̀ bo kòtò. Ojú òkè á dán. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, ọ̀rá ti há síbẹ̀, eruku òkúta lílọ ti há síbẹ̀, ọṣẹ pọ́líìṣì náà ti há síbẹ̀. Tí mílíìkì bá wọ ibẹ̀, kànrìnkàn ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́, orí òkúta ni wọ́n ti ń ha òkúta pupa yẹn títí á fi máa kọ mànà, ó sì tó bẹ́ẹ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Kò tó fún ohun tí a ó fi sẹ́ oúnjẹ.

Èkejì ni ti ojú ìjó. Sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í dógùn-ún nítorí kírómíọ̀mù inú rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti 304 máa ń tó 18, pẹ̀lú níkẹ̀ẹ̀lì bíi 8. Kírómíọ̀mù yìí máa ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, á sì da awọ tín-ín-rín kan bo irin, awọ tí ojú ò lè rí. Tí a bá jó o, ooru á fa kírómíọ̀mù jáde sínú àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ilẹ̀ tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó, irin tó wà lábẹ́ àwọ̀ náà á sì ṣẹ́ kù láìní kírómíọ̀mù tó tó. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ń gbà wọlé. Mo fi pọ́líìṣì bo ibẹ̀ lójú ni, mi ò mú un kúrò.

Pọ́líìṣì oníná kì í tẹ nǹkan kan wólẹ̀. A ó ki irin bọ inú ásíìdì, a ó so wáyà pọ́sítífù mọ́ ọn, a ó so négétífù mọ́ irin mìíràn tó dojú kọ ọ́. Tí iná bá ti ń kọjá, irin tó wà ní pọ́sítífù á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Òdìkejì iṣẹ́ àwọn tó ń fi wúrà bo yẹtí ni: tiwọn ń gba nǹkan sára, tiwa ń bọ́ nǹkan sílẹ̀. Bí irin ṣe ń yọ́, omi tó ki bí oyin á rọ̀gbà yí i ká. Kòtò sùn sísàlẹ̀ omi kíki yìí, gegele yọrí sókè nínú rẹ̀. Ibi tó yọrí ni iná ń gbà jù, ibẹ̀ ló sì ń yọ́ jù. Báyìí ni ojú irin ṣe ń tẹ́ láìsí pé ọwọ́ kan kàn án. Ará Faransé kan, Pierre Jacquet, ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939.

Èrè tó wà níbẹ̀ ju dídán lọ. Irin gidi (iron) tó wà nínú sítéńlẹ́ẹ̀sì ń tètè yọ́ ju kírómíọ̀mù lọ, torí náà ojú tó kù á lọ́rọ̀ ní kírómíọ̀mù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ ààbò rẹ̀ á sì lágbára. Èyí ló fà á tí àjọ ASTM ti Amẹ́ríkà fi kọ ìlànà kan, B912, tó ka pọ́líìṣì oníná fúnra rẹ̀ sí ọ̀nà láti dáàbò bo sítéńlẹ́ẹ̀sì. Àwọ̀ búlúù ojú ìjó á lọ pátápátá. Etí mímú tó máa ń wà lẹ́nu ihò tí a lu á yọ́ dànù, nítorí òun ló yọrí jù. Ẹni tó bá ti ṣe asẹ́ oníhò 400 rí, tó fi fáìlì ọwọ́ ra ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, á mọ ìtura tó wà nínú ìyẹn.

1. Ẹ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín

Sítéńlẹ́ẹ̀sì irú 304 àti 316 ni iṣẹ́ yìí bá lára mu jù. Ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Tó bá fà á gírígírí, kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí kò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀, torí 201 náà kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Màńgáníìsì ni wọ́n fi dí ipò apá kan níkẹ̀ẹ̀lì inú rẹ̀, ó sì máa ń tètè dógùn-ún. Tí ẹni tó tà á kò bá ní ìwé rẹ̀, ẹ gé ìjákù kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjákù 304 tó dá yín lójú, ẹ máa wọ́n omi iyọ̀ sí méjèèjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Alumíníọ̀mù, bàbà àti idẹ ní omi tiwọn, kì í ṣe èyí. Irin dúdú ò ní kírómíọ̀mù tí yóò dáàbò bò ó, torí náà bó ti wù kó dán tó, yóò dógùn-ún.

2. Iṣẹ́ tó ṣáájú ásíìdì

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Ohun tí iná yóò mú kúrò lójú irin kò ju máíkírọ́ọ̀nù 20 sí 40 lọ. Ẹyọ irun orí kan nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó bá jìn ju ìyẹn lọ, yóò wà níbẹ̀, yóò kàn máa dán ni. Nítorí náà, ẹ fi sáńpépà 180 lọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 240. Ẹ ó rí i pé ojú irin tó bá ti dé orí 240 máa ń tẹ́ tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ tí iná bá ṣe é dáadáa.

Òkúta fáìlì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin tí ẹ bá fi kan irin dúdú rí, kò gbọ́dọ̀ kan sítéńlẹ́ẹ̀sì. Irin dúdú ló ń gún bọ̀ ọ́ lára, ìyẹn náà ni yóò sì kọ́kọ́ pọ́n. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí tèmi, mo sì gbé wọn kọ́ ògiri lọ́tọ̀ kí ọmọ iṣẹ́ má baà ṣì wọ́n mú.

Ẹ wo ojú ìjó dáadáa. Ihò tó fara pamọ́ síbẹ̀, iná á ṣí i sílẹ̀, á sì fẹ̀ sí i. Ẹ tún un jó kí ẹ tó lọ síwájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, kí ẹ wá da omi mímọ́ lé e lórí. Tí omi náà bá tẹ́ bò ó bí aṣọ, ó mọ́. Tó bá kó ara rẹ̀ jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí ìrì lórí ewé kókò, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀rá bá wà, iná ò ní ṣe é déédéé, ẹ ó sì rí àpá ìka ara yín lórí iṣẹ́ tó parí. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

3. Ìṣirò iná

Ìwọ̀n ojú irin ló ń sọ iye iná tí a ó lò. Sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 100 ló ń jẹ́ dẹ́símítà onígun mẹ́rin kan, dẹ́símítà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ámúpù (amp) 15 sí 20. Ká ní páìpù kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 5. Ìta rẹ̀ nìkan: 3.14 × 5 × 20, ó jẹ́ 314, ìyẹn dẹ́símítà 3.14. Iná tí yóò jẹ á wà láàárín ámúpù 47 sí 63. Fóòtì (volt) 6 sí 12 ló máa ń tó.

Ẹ rí i pé chájà bátìrì ọkọ̀ tó ní ámúpù 10 kò lè ṣe ju bóòtì mélòó kan lọ. Rẹ́kítífáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, tí a sì lè yí sókè sódò, ló yẹ iṣẹ́ yìí, irú èyí tí àwọn tó ń fi wúrà bo nǹkan ń lò. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìjórin. Fóòtì rẹ̀ nígbà tí kò tíì jó nǹkan lè tó 60 sí 80, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í sì í ṣe iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo.

4. Ásíìdì pípò

Fún lítà kan: omi mímọ́ mìlílítà 100, phosphoric acid tó jẹ́ 85 nínú ọgọ́rùn-ún, mìlílítà 600, àti sulphuric acid tó lágbára, tó jẹ́ 98, mìlílítà 300. Ásíìdì bátìrì ò lè rọ́pò èyí tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi tó bá sì pọ̀ jù á jẹ́ kí irin ṣú dípò kó dán.

Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ dà sínú ọpọ́n. Lẹ́yìn náà phosphoric, ẹ rọra dà á. Sulphuric ló kẹ́yìn, ẹ̀kán lórí ẹ̀kán, kí ẹ máa rò ó, kí ọpọ́n náà sì dúró nínú omi tútù, torí yóò gbóná fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé ásíìdì láé. Ooru tó ń jáde lójijì á jẹ́ kó ta sókè sí yín lójú.

Ọpọ́n gíláàsì tó nípọn tàbí rọ́bà polypropylene ni kí ẹ lò. Gọ́gù tó bo ojú pátápátá, ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, épírọ́ọ̀nù rọ́bà, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ńlá méjì nítòsí, àti káún tí ẹ ti gún, fún ásíìdì tó bá dà sílẹ̀. Tó bá kan ara tàbí ojú, omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kì í ṣe káún; tó bá jẹ́ ojú, ẹ máa lọ sí ọsibítù lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dẹwọ́. Kí àwọn ọmọ kéékèèké má sí nítòsí. Mi ò lè fi èyí ṣeré rárá.

Ní ìgbà òjò, ẹ de ọpọ́n náà nígbà gbogbo. Ásíìdì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sára, tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìdé láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, agbára rẹ̀ á ti dín.

5. Kíki irin bọ̀ ọ́

Gbígbóná ló ń ṣiṣẹ́, láàárín 60 sí 70°C lójú tẹmómítà. Ẹ gbé ọpọ́n náà sínú ìkòkò omi gbígbóná kó gba ooru láti ibẹ̀. Tó bá ti gbóná tó, ẹ pa iná sítóòfù, ẹ gbé sítóòfù náà jìnnà kí ẹ tó tan iná mànàmáná. Háídírójìn yóò máa jáde ní apá négétífù, iná kékeré lè mú un kó bú. Ìta gbangba tàbí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é.

Páànù sítéńlẹ́ẹ̀sì tí ẹ ká yípo inú ọpọ́n ni négétífù. Irin tí ẹ fẹ́ dán wà láàárín, kó jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 yíká. Wáyà tó gbé e dúró gbọ́dọ̀ mú un gírí; tó bá ń mì, iná á máa ta níbẹ̀, á sì jó ihò sí iṣẹ́ yín lára. Ẹ so gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó tan iná. Ẹ tan án, ẹ yí i sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé iye tí ẹ ṣírò, kí ẹ máa rọra mi irin náà kí ìfófó má baà dúró sójú kan. Ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ní ìdajì àkókò, ẹ pa iná, ẹ yí i po, ẹ tún tan án.

Ọ̀rọ̀ iná tó máa ń lọ: tí iná bá lọ nígbà tí irin wà nínú ásíìdì gbígbóná, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ásíìdì nìkan, láìsí iná, jíjẹ ló ń jẹ ẹ́, yóò sì ṣú. Jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń tan láti ìbẹ̀rẹ̀ fún iṣẹ́ tó bá ṣe pàtàkì.

Tó bá jáde tó ṣú bí eérú, ó tutù jù, iná rẹ̀ kéré jù, tàbí omi ti pọ̀ jù. Tó bá ní ìlà tó gùn sókè, ìfófó ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ yí bí ẹ ṣe gbé e kọ́ padà. Tó bá rí bí èèpo ọsàn, iná ti pọ̀ jù tàbí ara irin fúnra rẹ̀ ni kò dára. Inú páìpù kò ní dán bí ìta, nítorí iná kì í wọ inú ihò jíjìn. Ẹ ní láti ki ọ̀pá négétífù tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀, kó má kan ara páìpù.

6. Ṣíṣàn án

Omi tútù lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa tọ́jú, lẹ́ẹ̀kan nínú òmíràn. Ohun kan tín-ín-rín tí kì í yọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn; nitric acid 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣẹ́jú mélòó kan, ló ń yọ ọ́. Lẹ́yìn náà omi tútù, omi gbígbóná, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún gbẹ.

7. Ẹ wọ̀n ọ́n

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù rè é, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣe é. Ẹ fi òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọn irin náà kí ẹ tó ki í bọ ásíìdì, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó gbẹ. Gíráàmù 0.79 tó bá dín lórí dẹ́símítà onígun mẹ́rin kan, máíkírọ́ọ̀nù 10 ló lọ. Tí páìpù wa òkè yẹn bá dín ní gíráàmù 5, dẹ́símítà kọ̀ọ̀kan pàdánù bíi 1.6, ìyẹn máíkírọ́ọ̀nù 20. Ó ti tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú, ámúpù àti ooru. Ìwé kékeré yẹn yóò wúlò fún yín ju ìtọ́sọ́nà mi yìí lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú bóòtì. Eyín rẹ̀ ló yọrí, eyín rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ́. Bóòtì tó wọ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wẹ́kú tẹ́lẹ̀ lè di èyí tó ń mì.

Fún ohun ìdáná, mo tún máa ń ki í bọ omi fún wákàtí kan, kí n yọ ọ́ gbẹ fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́ kejì. Tí àmì pupa kan bá yọ, kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi.

8. Omi ìdọ̀tí

Kírómíọ̀mù àti níkẹ̀ẹ̀lì wà nínú omi ìṣàn yẹn, májèlé sì ni. Kò gbọ́dọ̀ dé gọ́tà, nítorí gọ́tà wa ń lọ sí odò Asà, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀ odò tó ń lò ó. Ẹ kó o jọ sínú dúrọ́ọ̀mù rọ́bà. Ẹ máa fi káún sí i díẹ̀díẹ̀, torí yóò hó gan-an, títí pépà pH, èyí tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, á fi sọ pé ó ti wà láàárín 8 sí 9. Ẹrẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ náà àti ásíìdì tó ti gbó, ẹ tọ́jú wọn sínú ohun tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ sì fi lé ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó ìdọ̀tí kẹ́míkà lọ́wọ́. NESREA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí i.

9. Tí ọpọ́n ò bá gbà á

Táǹkì ńlá tàbí ẹ̀rọ gàrí odindi kò lè wọ inú ọpọ́n wa. Ẹ̀rọ kan wà tó ní búrọ́ọ̀ṣì oníkábọ́ọ̀nù, tí iná àti phosphoric acid ń gba inú rẹ̀ dé ojú ìjó. Kò ní tẹ́ ojú irin púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ búlúù á lọ, ìpẹtà ojú ìjó á sì dínkù gidigidi. Tí èyí náà ò bá sí, ẹ lọ ojú ìjó dé 240, kí ẹ fi citric acid oníyẹ̀ẹ́fun, irú èyí tí àwọn aláṣè ohun mímu ń rà, pò omi: gíráàmù 50 sí lítà kan. Ẹ jẹ́ kó gbóná dé 50 sí 60°C, kí ẹ fi rẹ irin náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Irin dúdú tó há sí i lára ni yóò yọ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ọṣẹ tí wọ́n ń tà nínú túùbù fún iṣẹ́ yìí, tó ní hydrofluoric acid, èmi ò gbà á láyè ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó máa ń wọ ara lọ títí dé egungun kí èèyàn tó mọ̀ pé ó ti kan òun.

Mo gé ojú ìjó asẹ́ Ìyá oníwàrà dànù, mo tún un jó, mo sì ṣe é láti ìgbésẹ̀ kejì dé ìkeje. Nígbà tí mo gbé e lọ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí bílíìṣì sùn sínú rẹ̀, torí méjèèjì ń bá awọ yẹn jà. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ni mo rà ní ọjà Ìpàtà, mo dì í sínú asẹ́ náà fún wọn.